Èémí Oníṣẹ́jú Mọ́kànlá

“Ariwo tí ọwọ́ mi ò ní lè pa, ìyá rẹ̀ ò tíì bí i!”

Etí-Ajá ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sitúdíò, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ife tíì lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àwo orin ló ń fọ́nnu fún, Ọ̀gá náà sì nílò ìfọ́nnu láàárọ̀ ọjọ́ náà bí aláìsàn ṣe nílò oògùn. Aago mẹ́wàá ti lù. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò á dé, wọ́n á jókòó sórí àga tí wọ́n ti tò sílẹ̀, wọ́n á sì gbọ́ àwo tuntun Àdídùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí aráyé tó gbọ́ ọ.

“Ṣé o fọ gbogbo ẹ̀?” Ọ̀gá bi í.

“Orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, sà. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo ká a. Bí eṣinṣin bá fò kọjá níbi tí wọ́n ti gba ohùn yẹn, mo ti lé e jáde, mo sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.”

“Ariwo kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.” Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. “Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Níbo ni wọ́n ti máa jó nínú ẹ̀?”

“Sà?”

“Ijó! Ìdí! Apá ibo ni ènìyàn ti máa ju ìdí?”

Etí-Ajá rọra fẹnu kan tíì. “Ẹ fetí sí orin tó fi ìlẹ̀kùn kọ yẹn dáadáa, sà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹrin, ẹni tó bá nígbàgbọ́ lè mi èjìká díẹ̀.”

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó sì lọ ka àga lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí ń parọ́ nípa ọwọ́ ara rẹ̀ o. Wọn ò déédéé sọ ọ́ ní Etí-Ajá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ ariwo kúrò lára orin: ìró fáànù, ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lójú títì, ikùn olórin tí kò tíì jẹun. Ó ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Ó lè jókòó sí yàrá kejì kó sọ fún ọ pé bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ ló ń kan máíkì. Òun ló fọ “Ṣúgà Mẹ́ta” títí tó fi ń dán bí ojú dígí.

Ta ni kò mọ “Ṣúgà Mẹ́ta”? Orin tó sọ Àdídùn di Àdídùn. Ọmọ tí kò tíì héyín ń kọ ọ́, arúgbó tí eyín rẹ̀ ti tán ń kọ ọ́, àwọn oníṣègùn eyín tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ń gbàdúrà fún ẹni tó kọ ọ́. Fóònù tó bá dún nínú bọ́ọ̀sì, “Ṣúgà Mẹ́ta” ni. Onígbàjámọ̀ á máa fi gẹrun, awakọ̀ á máa fi wakọ̀, ọlọ́pàá á máa súfèé ẹ̀ bó ṣe ń ti ọ̀daràn mọ́lé. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Àdídùn fi ń kọ ọ́ kiri, títí tó fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní adùn ti tó òun.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá dáa ká ní ibẹ̀ ló dúró sí. Àdídùn mú ẹ̀rọ ìgbohùn kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ọ̀rọ̀: ìlẹ̀kùn tí epo ti gbẹ lára ẹ̀, fíríìjì, omi tó ń kán sínú bàsíà, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Ó ní orin nìyẹn. Onígìtá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ò lè dàgbà tán kí òun wá máa bá fíríìjì du ipò. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá a gbe orin ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, àfi lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n máa ṣe “ṣíííí” bíi kẹ́túlù fún ìṣẹ́jú méje. Èyí tó kéré jù nínú wọn bọ́ bàtà ẹ̀ sọ́wọ́, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìyá mi ò rán mi níléèwé torí kẹ́túlù,” wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Etí-Ajá nìkan ló dúró. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọ̀rẹ́ òtítọ́. Ọ̀rẹ́ ni, a ò lè jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ: wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ó dúró ti wèrè náà, ó ń ṣiṣẹ́ fún un. Ó kàn jẹ́ pé kò gbọ́ ọ mọ́ ni. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn lè fi ojú fọ orin. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn a máa ga bí òkè, ariwo a máa sùn nílẹ̀ bíi koríko. O gé koríko, o fi òkè sílẹ̀, ó parí. Ojú ni Etí-Ajá fi fọ àwo náà láti orin kìíní dé ìkẹsàn-án. Etí rẹ̀ ní tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ rédíò, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni Àdídùn dé. Kò dá wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tẹ̀lé e, obìnrin gíga kan tó gbẹ bí igi ìdáná, tó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọ̀nà jù, tó gbé báàgì lé itan bí ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa tó dé.

“Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” Etí-Ajá kí i, ó tẹríba.

“A dúpẹ́.”

“Gbogbo ilé ńkọ́, mà?”

“Ilé wà.”

Ó tán. Àdídùn fa Etí-Ajá lápá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Etí, o rí i? Wọ́n wá!”

“Mo rí wọn. Ojú wọn dà bíi ti ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́.”

“Ẹjọ́ náà ni. Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí wọn ò bá mi sọ ju ‘a dúpẹ́’ yẹn lọ. Látìgbà tí Màmá ti kú.”

Etí-Ajá mọ̀ nípa ikú náà. Ó wà níbi ìsìnkú. Ohun tí kò mọ̀ ni Àdídùn wá ń sọ fún un báyìí, tó ń sọ ọ́ wàrà-wàrà bí ẹni tí ẹrù ń já bọ́ lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Màmá fi dùbúlẹ̀ àìsàn nílé Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, ó ń wẹ̀ fún un, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ Àdídùn ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọ “Ṣúgà Mẹ́ta”. Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdé kan, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Màmá kú, ó yọ́ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ síbẹ̀. Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ̀gbọ́n ti lọ ra oògùn.

“Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́,” Àdídùn wí. “Wọ́n kàn ń mí ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, Etí. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ti wà lápò mi nígbà náà, mo gbé e sórí ìrọ̀rí, mo di ọwọ́ wọn mú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Làwọn onímọ́tò wa bá pè, wọ́n ní èrò ti kún pápá. Mo lọ.”

“O ò dúró de ẹ̀gbọ́n ẹ?”

“Ohun tí Ẹ̀gbọ́n náà sọ nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá wá lóòótọ́ á dúró de ẹni tó lọ ra oògùn. Wọ́n ní mi ò wá. Wọ́n ní irọ́ ni mo dúró pa níwájú òkú. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Mo lọ bá wọn, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Mo wá kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n wá fi etí ara wọn gbọ́ ọ lónìí, tí kì í bá ṣe Màmá ló ń mí níbẹ̀, kí wọ́n má pè mí lábùúrò mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín kan tó dà bí ikọ́. “Orin kẹsàn-án ni. Àwọn ìlẹ̀kùn àti fíríìjì yẹn, ọ̀nà ni wọ́n. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀?”

“Mi ò fẹ́ kí o káàánú mi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ bí o ṣe máa ń gbọ́ nǹkan. Èmi fúnra mi ò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ ti gbọ́ ọ, àbí?”

“Mo gbọ́ ọ,” ni Etí-Ajá wí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sí yàrá iṣẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Ó wọ yàrá iṣẹ́, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ṣí orin kẹsàn-án. Ìlà kan ló rí. Ìlà gbọọrọ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí okùn tí wọ́n ti kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀.

Ó rántí ọjọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù ti wọ ìdajì kejì. Ó rí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà tí kò lókè, koríko ṣáá tó ń já láàárín, fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó ní Àdídùn gbàgbé láti pa ẹ̀rọ ni. Bí wọ́n ṣe ń pa ariwo ò le: o gé ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀, o fi han ẹ̀rọ pé “Wo ojú ọ̀tá rẹ dáadáa,” ẹ̀rọ á gba inú orin náà kọjá, ohunkóhun tó bá jọ ọ́, á pa á. Ẹ̀rọ kì í bi ni pé ìyá ta nìyí. Etí-Ajá gé èémí Màmá, ó fi han ẹ̀rọ. Nígbà tó padà wò, kò ku nǹkan kan. Ó ní bóyá ìdákẹ́jẹ́ ni wèrè yìí fẹ́ fi parí àwo. Kí ni kò lè ti ọwọ́ ẹni tó ń bá fíríìjì kọrin wá? Ó tẹ bọ́tìnì, ó fi tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń tì lẹ́yìn gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n. Ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ó ku káàdì. Káàdì kékeré inú ẹ̀rọ ìgbohùn tí Àdídùn fi kó ohùn wá! Ó wá a bí ẹni tó ń wá ẹ̀mí, ó rí i nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ó kì í bọ ẹ̀rọ. Òfin kan wà lára ògiri ibẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: tí wọ́n bá ti kó ohun tó wà nínú káàdì sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n nù ún kúrò kíá fún iṣẹ́ mìíràn. Ohùn obìnrin kan tí inú rẹ̀ ń dùn bú jáde: “Ọṣẹ yìí ń fọ ohun gbogbo! Ẹyọ kan kì í ṣẹ́ kù!” Ìpolówó ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Etí-Ajá fi orí lé tábìlì, ó jẹ́ kí obìnrin náà polówó ọṣẹ rẹ̀ dópin, nítorí kò lágbára tó máa fi pa á.

Ó dìde láti lọ jẹ́wọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi tirẹ̀ dù ú: ó dìde lóòótọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá Àdídùn lójú ọ̀nà.

“Mo ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ ná kí èrò tó dé,” Àdídùn wí. “Gbogbo wọn ló sá. Ìwọ nìkan lo fetí sí mi.”

Ọ̀rọ̀ tó ti dé orí ahọ́n Etí-Ajá padà sínú bí ìgbín tí iyọ̀ kàn.

“Kò tọ́pẹ́,” ló wí. Ọ̀kan yẹn, òótọ́ ni.

Ní aago méjì, ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù yí ká, níbi tí àwọn akọrin ti ń kọrin. Ó rẹ máíkì sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bò ó kí ohùn lè rí bí ohun tó ti pẹ́, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó fẹ́ mí bí ìyá arúgbó tó ń kú lọ.

Ó mọ ìyá náà o. Nígbà tí òun àti Àdídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí sitúdíò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, Màmá a máa gun àtẹ̀gùn wá wò wọ́n, á jókòó sórí àga ike, á na ìka kan sókè, á ní, “Ẹ má tíì kí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí.” Àwọn méjèèjì á dúró, wọ́n á máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Etí-Ajá pa ojú dé, ó wá èémí yẹn nínú orí rẹ̀. Ó rí àga. Ó rí ìka. Èémí ni kò rí. Etí tó ń gbọ́ bọ́tìnì láti yàrá kejì!

Ó bá mí ti ara rẹ̀. Àkọ́kọ́ dà bíi ti ẹni tó sáré lé bọ́ọ̀sì. Ìkejì dà bí ohun tí kò yẹ kí àlejò máa gbọ́ lójú ọ̀sán gangan. Níbi tó ti ń gbìyànjú ìkẹta, tó ya ẹnu sílẹ̀, tó yí ojú sókè, Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn.

“Yéè! Ẹ gbà mí o! Ó ti kú! Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó di aago mẹ́rin!”

Kí Etí-Ajá tó ráyè la ẹnu, Ọ̀gá ti da odindi ike omi lé e lójú, ìdajì rẹ̀ sì gba imú wọlé.

“Mi ò kú, sà!” Ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. “Mò ń sinmi ni!”

“Lọ sinmi lórí àga bí ọmọ ènìyàn! Ṣé o fẹ́ kí ọkàn mi dúró ni?” Ọ̀gá jáde, ọwọ́ láyà.

Àṣé oore ni Ọ̀gá ṣe é. Omi tó há sí i nímú ń hó kùrùkùrù, ó ń fà, ó ń dún lọ́nà ọ̀fun; lásìkò yẹn gan-an ni èémí náà tó jọ ti aláìsàn. Etí-Ajá tún dùbúlẹ̀ kíá kí omi náà tó gbẹ, ó sì mí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló da ìró fáànù díẹ̀ lé e lórí. Láti ogún ọdún tó ti ń yọ ariwo kúrò, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bu ariwo sí nǹkan. Ó gbé e sí ipò kẹsàn-án, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, rédíò ní pípa. Iṣẹ́ náà dáa. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn.

Bó ṣe ń kọjá lọ wẹ ojú, Ẹ̀gbọ́n pè é láti orí àga rẹ̀.

“Ìwọ lo fọ ohùn yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé wọ́n ń jìyà?”

Etí-Ajá wo ilẹ̀. “Rárá, mà. Wọ́n ń sùn ni.”

“Ó dáa.” Obìnrin náà ń fi ọwọ́ pa awọ báàgì rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. “Mo fẹ́ kó jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọmọ yẹn wá wo Màmá. Ìbínú wúwo, àbúrò mi. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ó yẹ kí Etí-Ajá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wọn, obìnrin náà sì ti ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dún níta, ìlẹ̀kùn mọ́tò pa dé, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe “Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀!” kí ẹsẹ̀ àlejò tó kanlẹ̀. Etí-Ajá lọ nu ojú.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, àga ti kún. Akọ̀ròyìn orin kan, obìnrin onígíláàsì ńlá tí ìwé rẹ̀ lè gbé olórin ga tó sì lè sin ín, jókòó níwájú. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn pátápátá.

Ìlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ké. Ó ké fún ìṣẹ́jú mẹ́fà.

“Ìrora ẹ̀ pọ̀,” Akọ̀ròyìn sọ sí Ọ̀gá létí.

“Ó pọ̀ gan-an ni, mà,” Ọ̀gá dáhùn. “Epo ni kò sí.”

Fíríìjì tẹ̀lé e. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ rédíò sùn lọ, ó sì ń hanrun débi pé àwọn kan rò pé ara orin ni. Nígbà tó kan omi tó ń kán sínú bàsíà, ènìyàn mẹ́ta béèrè ilé ìtọ̀, ẹnì kan ló padà. Ọ̀gá ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tó sì jẹ́ òun ló pe ènìyàn wá wò ó.

Lẹ́yìn orin kẹjọ, Àdídùn dìde.

“Èyí tó kẹ́yìn ò lórúkọ,” ó wí. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó.

Èémí Etí-Ajá kún yàrá.

Ẹ wá wo nǹkan! Ní ìṣẹ́jú kìíní, àwọn àga tó ń han dákẹ́. Ní ìkejì, ọkùnrin tó ń hanrun jí fúnra rẹ̀. Ní ìkẹta, Akọ̀ròyìn bọ́ gíláàsì. Kó tó di ìkarùn-ún, Ọ̀gá tó ti ń wá ìdí káàkiri láti àárọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. “Ìyá mi,” ló ń sọ sínú àtẹ́lẹwọ́, “ìyá mi o.” Àdídùn ń sunkún, kò nu ojú. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ Etí-Ajá tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ mú.

“Àwọn ni,” ó ń sọ. “Etí, àwọn ni. Bí wọ́n ṣe máa ń fà á gẹ́lẹ́ nìyẹn.”

Òótọ́ kì í tẹ́: fún ìgbà díẹ̀, orí Etí-Ajá wú. Ogún ọdún, ẹnikẹ́ni ò tíì sunkún nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá Màmá wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé bóyá èémí kò yàtọ̀ sí èémí, pé bí gbogbo ènìyàn bá ti gbọ́ ohun tí wọ́n wá gbọ́, ta ló kù tó máa pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìgbà náà ló bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n ò sunkún. Ó ń ka nǹkan. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí báàgì: èémí kan á wọlé, á jáde, ìka á bẹ̀rẹ̀, oókan, eéjì, èémí mìíràn á dé, ìka á dúró, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Oókan, eéjì. Ó dúró. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ó dúró. Ó ń kà á bí ẹni tó mọ iye tó yẹ kí òun kà dé, tí wọn ò sì jẹ́ kó dé ibẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yẹn tó ń ka àlàfo tó wà láàárín èémí kan sí èkejì, tó ń dúró wò ó bóyá òmíràn á wá. Kò sí ẹni tó bá a kà á.

Etí-Ajá wá rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ní Sátidé bí ẹni pé ó ṣì wà níwájú rẹ̀. Koríko díẹ̀, àlàfo gígùn. Koríko díẹ̀, àlàfo tó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti rí àwọn àlàfo náà. Ó rò pé ẹ̀rọ ló ń já. Inú wọn gan-an ni ìyá yẹn wà. Kò sì sí àlàfo kankan nínú ohun tí òun fi dípò rẹ̀, nítorí kò sí ìgbà kankan láyé òun tí òun ṣiyèméjì pé èémí tó kàn á wá.

Ó fẹ́ dìde. Àdídùn ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Èémí náà lọ títí, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ó sì bò wọ́n. Akọ̀ròyìn dìde dúró. “Òtítọ́ pọ́ńbélé,” ló ń sọ fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn, “òtítọ́ pọ́ńbélé.” Ọ̀gá ń fọn imú. Àdídùn kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ó ti ń gba àárín àwọn àga kọjá lọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ tutù, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó gbé báàgì kọ́ apá.

“Mo gbọ́ ọ,” ó ní. “Ẹni tó ń mí yẹn á pẹ́ láyé.”